Àdúrà tí Gbogbo Agbo Lè Jùmọ̀ Ṣe

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà" ni àwọn baba wa máa ń wí. Ẹni tí ó gba ọ̀nà oko wá àti ẹni tí ó gba ọ̀nà odò wá lè pàdé ní ọjà kan náà, kí wọ́n kí ara wọn, kí wọ́n sì ná ọjà wọn láìsí ìjà. Kò sí ẹni tí kì í fi ẹnu gba òwe yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò bá tó fún àwọn ènìyàn tí ìsìn wọn kò jọra láti gbàdúrà pọ̀, nígbà náà ni ó máa ń hàn bóyá òwe náà wọ inú ọkàn tàbí orí ahọ́n ni ó dúró sí. Ẹnì kan a fẹ́ kí àdúrà parí ní orúkọ Jésù. Ẹnì kejì a fẹ́ kí a fi Fátíhà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kẹta a ní ohun tí baba òun bọ ni òun náà yóò bọ. Ẹnì kẹrin a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí kò gbà pé ẹnikẹ́ni wà lókè tí ń gbọ́ àdúrà. Ìwọ òǹkàwé, bí a bá kó gbogbo wọn jọ sí iwájú rẹ, tí a sì ní kí o darí àdúrà wọn, kí ni ìwọ yóò ṣe?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí a ṣe àdúrà ti àwọn tí ó pọ̀ jù, kí àwọn tí ó kù sì mú un mọ́ra. Ìdáhùn kejì ni pé kí a yọ ohun gbogbo tí ó lè bí ẹnikẹ́ni nínú kúrò, títí àdúrà náà yóò fi dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, tí kò sì ní ata. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tí kò gba èkíní, tí kò sì gba èkejì. Mohandas Karamchand Gandhi ni orúkọ rẹ̀. Òun ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Mahatma, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ọkàn Ńlá. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jìjàdù òmìnira láìlo ohun ìjà. Ìtàn àdúrà rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ojú ọ̀nà àdúrà ni ó kú sí. Ìtàn náà ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ kà.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ọdún 1869, ni a bí Gandhi ní ìlú Porbandar, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọ tí a bí ìyá rẹ̀ sí jẹ́ ọ̀kan tí ń bu ọlá fún Al-Kùránì pẹ̀lú ìwé mímọ́ àwọn Híńdù. Baba rẹ̀ ní àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì ní àwọn tí wọ́n jẹ́ Pársì, èyíinì ni àwọn ènìyàn tí àwọn baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Páṣíà wá, tí wọ́n sì ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ wòlíì Zoroaster. Àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí a máa wá sí ilé láti sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ wọn, ọmọdékùnrin náà a sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn níbi tí ó ti ń tọ́jú baba rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò le. Ohun tí ọmọ bá gbọ́ lábẹ́ òrùlé baba rẹ̀ kì í tètè kúrò ní ọkàn rẹ̀.

Ní 1888 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ ka Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, tí kò kà rí ní ilé. Níbẹ̀ náà ni ó ti ka Bíbélì, tí Ìwàásù Orí Òkè sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò yẹ kí a fò dá. Ọkùnrin kan ń bẹ ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Charles Bradlaugh, tí ó sọ ní gbangba pé òun kò gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run. A yàn án ní 1880, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀ràn ìbúra, kò rí àyè jókòó ní ìjókòó rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ títí di 1886. Nígbà tí ó wọlé tán, ó sapá títí òfin fi jáde ní 1888 pé ẹni tí kò bá lè fi orúkọ Ọlọ́run búra lè ṣe ìlérí lásán. Bradlaugh yìí náà ni ó máa ń gbẹnu sọ fún Íńdíà nínú ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí ó kú ní 1891, Gandhi wà lára àwọn ará Íńdíà tí wọ́n lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin olùgbàdúrà yìí ṣe tẹ̀lé òkú aláìgbàgbọ́ lọ sí itẹ́, nítorí ó mọ̀ pé olóòótọ́ ni.

Láti 1893 títí di 1914, Gúúsù Áfíríkà ni Gandhi ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1910 ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Hermann Kallenbach, ayàwòrán-ilé tí ó jẹ́ ọmọ Júù láti Jámánì, yọ̀ǹda oko ńlá kan nítòsí Johannesburg fún àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń bá ìjọba jìjàdù ẹ̀tọ́ wọn. Oko Tolstoy ni wọ́n pe ibẹ̀. Ọmọ Híńdù, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Pársì àti ọmọ Kristẹni ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n jọ ń ro oko, tí wọ́n sì jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí oṣù Ràmàdáánì dé, Gandhi gba àwọn ọmọ Mùsùlùmí níyànjú pé kí wọ́n gba ààwẹ̀ wọn bí ó ti yẹ. Àwọn ọmọ yòókù sì bá wọn gbà á, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn má baà dá nìkan wà nínú ebi. Kíyè sí i pé a kò sọ ẹnikẹ́ni di Mùsùlùmí níbẹ̀, a kò sì ní kí àwọn Mùsùlùmí dín ẹ̀sìn wọn kù nítorí àwọn yòókù. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n bá wọn gbé ẹrù náà.

Gandhi padà sí Íńdíà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1915. Ó dá ibùdó kan sílẹ̀ nítòsí ìlú Ahmedabad, níbi tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti ń gbé pọ̀. Láti 1936, ó fi ibùdó mìíràn sí Sevagram, ní àárín gbùngbùn Íńdíà. Nínú ibùdó wọ̀nyí, àdúrà ni a fi ń ṣí ọjọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, òun náà ni a sì fi ń pa á dé ní ìrọ̀lẹ́. Ní Sevagram, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí òrùlé, kò sì sí ère kankan. Wọn a ka ẹsẹ láti inú Gita, wọn a ka Fátíhà, wọn a ka àdúrà àwọn Pársì, wọn a sì kọ orin. Orin ìsìn àwọn Kristẹni wà lára èyí tí Gandhi fẹ́ràn jù lọ.

Báwo ni àdúrà náà ṣe di bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìgbìmọ̀ kan ni ó jókòó tí ó kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, bí ẹni tí ó mú ti rẹ̀ wá ti ń dé. Àpẹẹrẹ kan ni ti olùfọkànsìn kan láti ilẹ̀ Japan, ẹlẹ́sìn Búdà, tí ó wá gbé ní Sevagram. Ní àràárọ̀ ni ó máa ń lu ìlù rẹ̀ tí ó sì ń pe àdúrà tirẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Japan àti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá 1941, ìjọba mú un lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilẹ̀ ọ̀tá. Ìwọ yóò rò pé àdúrà rẹ̀ yóò bá a lọ. Rárá o. Gandhi ní kí a máa fi àdúrà àlejò náà ṣáájú àdúrà ibùdó, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ṣe. Ẹni náà ti lọ, ṣùgbọ́n a kò gba àga rẹ̀.

Wàyí o, o lè bi mí pé, kí ni ti ẹni tí kò gbàgbọ́ rárá? Ìbéèrè tí ó le jù nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn, Gandhi kò sì yẹra fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ó máa ń wí pé Ọlọ́run ni òtítọ́. Ní 1931, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ní ìlú Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland, ó ṣàlàyé pé òun ti yí ọ̀rọ̀ náà po: òtítọ́ ni Ọlọ́run. Ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn kan ń sẹ́ Ọlọ́run, tí wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni tí ń sẹ́ agbára òtítọ́. Àwọn tí wọ́n sẹ́ Ọlọ́run gan-an, ìfẹ́ òtítọ́ ni ó mú wọn ṣe é.

Ó sì rí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà dán an wò. Goparaju Ramachandra Rao, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gora, jẹ́ olùkọ́ tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, tí ó sì ń jà fún àwọn tí a ń pè ní aláìṣeéfọwọ́kàn, èyíinì ni àwọn tí àṣà Híńdù sọ di ẹni ìtanù. Láti 1944 ni òun àti Gandhi ti ń jíròrò. Gora fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti inú àwọn ẹni ìtanù náà. Gandhi gbà pé kí a ṣe ìgbéyàwó náà ní Sevagram, ó sì ní nítorí ìgbàgbọ́ Gora, òtítọ́ ni a óò pè níbi tí a bá ti ń pe Ọlọ́run nínú ìbúra náà. Kò pẹ́ ayé tó láti rí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà wáyé ní Sevagram ní oṣù kẹta 1948.

Títí dé ibi tí a dé yìí, o lè rò pé nǹkan wẹ́rẹ́ ni àdúrà àjùmọ̀ṣe. Ọ̀rẹ́ ni gbogbo àwọn tí ó wà nínú ibùdó, ó sì rọrùn fún ọ̀rẹ́ láti gbà fún ọ̀rẹ́. Ìgbà tí ìkórìíra wọ ìlú ni a tó mọ ohun tí ó ń náni.

Ní oṣù kẹjọ 1946, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Híńdù àti Mùsùlùmí ní Calcutta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, a kọlu àwọn Híńdù ní agbègbè Noakhali, tí ó wà ní ilẹ̀ Bangladesh lónìí. Lẹ́yìn náà a pa àwọn Mùsùlùmí ní ìpakúpa ní Bihar. Ẹni ọdún 77 ni Gandhi nígbà náà. Ó lọ sí Noakhali, nígbà tí ọdún 1947 sì wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti abúlé dé abúlé, títí ó fi dé abúlé 47. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pe àwọn ènìyàn jọ láti gbàdúrà. Nínú ìrìn náà ni a fi ìlà kan kún orin tí wọ́n máa ń kọ, tí ó ń wí pé ẹni kan náà ni àwọn Híńdù ń pè ní Ishwar tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Allah. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n máa ń dìde lọ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Rama nínú orin náà.

Ní oṣù kẹrin 1947, Gandhi wà ní Delhi, ní àdúgbò àwọn agbálẹ̀, tí wọ́n wà lára àwọn ẹni ìtanù. Ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì Híńdù kan ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Al-Kùránì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láàárín èrò. Ó kígbe pé tẹ́ḿpìlì Híńdù ni ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ ka ìwé àwọn Mùsùlùmí níbẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀ fẹ́ fi ipá mú un jáde. Gandhi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èrò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bá àdúrà lọ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fẹ́. Gandhi kọ̀. Ó ní ẹnì kan náà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, òun kò sì ní fi ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀ ní orúkọ àdúrà. Nígbà tí wọ́n sì dábàá pé kí a fo Al-Kùránì, kí a ka ìyókù, ó tún kọ̀. Ó ní odidi ni àdúrà òun: bí a kò bá ní ka apá kan, a kò ní ka èyíkéyìí. Àdúrà tú ká ní ọjọ́ náà, ó tún tú ká ní ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, gbogbo èrò jókòó, a ka ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò sì dìde.

Dúró díẹ̀ ní ibí yìí, òǹkàwé mi, kí o wọn ìwà yìí wò. Ohun méjì ni Gandhi kọ̀. Ó kọ̀ láti fi ipá mú ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ó sì kọ̀ láti ta ìdákejì rẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí ó lè fi ra àlàáfíà. Bí ó bá fi ipá mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, àdúrà yóò di ìjẹgàba. Bí ó bá yọ Al-Kùránì kúrò, àdúrà yóò di ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni sùúrù, ó sì yàn án. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ènìyàn di òrìṣà. Àwọn kan ṣe lámèyítọ́ Gandhi, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe asán. Ẹni tí ó ti inú Híńdù wá ni ó ń darí àdúrà náà, Rama sì ni orúkọ tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ nígbà gbogbo. Mùsùlùmí tí ẹ̀rù ń bà pé àwọn Híńdù yóò bo ẹ̀yà òun mọ́lẹ̀ lè gbọ́ Fátíhà ní ẹnu Híńdù kí ó má rí i bí ọlá, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí a gbé ohun ìní òun láìtọrọ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ pe àwọn ènìyàn jọ: ó lè jẹ́ pé ilé tìrẹ ni o pè wọ́n sí láìmọ̀, tí o sì rò pé ìta gbangba ni.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ 1947, Íńdíà gba òmìnira, ilẹ̀ náà sì pín sí méjì, Íńdíà àti Pakistan. Ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 10 lọ ni ó sá fi ilé wọn sílẹ̀, àwọn tí a pa kò sì ṣeé kà tán. Delhi kún fún àwọn Híńdù àti àwọn Sikh tí wọ́n ti pàdánù ilé àti ẹbí wọn ní Pakistan. Nínú ọgbà ilé kan tí a ń pè ní Birla House, níwájú àwọn ènìyàn tí ọgbẹ́ wọn kò tíì jinná wọ̀nyí, Gandhi ń ka Al-Kùránì lọ. Ní ìgbà mìíràn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, a máa bi èrò bóyá wọn yóò lè fi sùúrù gba ẹni tí ó bá dìde láti takò ó. Ní oṣù kìn-ín-ní 1948 ó gbààwẹ̀ láti ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 18, títí àwọn aṣáájú gbogbo ẹ̀yà fi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé wọn yóò dáàbò bo àwọn Mùsùlùmí Delhi. Ní ọjọ́ 20, bọ́ǹbù kan bú nítòsí ibi àdúrà. Ó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe kórìíra ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé e síbẹ̀. Ní ọjọ́ 30, ní kété lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bí ó ti ń rìn lọ sí ibi àdúrà, Nathuram Godse, tí ó jẹ́ Híńdù bí tirẹ̀, yìnbọn fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni ọdún 78 ni. Èrò ti jókòó, wọ́n ń dúró dè é.

Kí ni ìtàn yìí ń kọ́ wa? Èkíní ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kó jọ ni ó ń sọ àdúrà di ti gbogbo ènìyàn, bí kò ṣe ìwà àwọn tí ń gbà á sí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Gandhi fúnra rẹ̀ kọ́ni pé ọkàn tí kò ní ọ̀rọ̀ sàn nínú àdúrà ju ọ̀rọ̀ tí kò ní ọkàn lọ. Nítorí náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fi jẹ́ àdúrà tí ó lè gba gbogbo ènìyàn. Ní ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tí ìjókòó ọdọọdún bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá parí, ìṣẹ́jú kan ni gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń dákẹ́: ẹni tí ń gbàdúrà a gbàdúrà, ẹni tí kì í gbàdúrà a ronú. Bí o bá jẹ́ aṣáájú níbi kan, tí o kò sì mọ irú àdúrà tí o lè gbà, má ṣe kẹ́gàn ìṣẹ́jú kan yìí.

Èkejì ni pé àdúrà àjùmọ̀ṣe kò gbọdọ̀ di pàkúté. Òfin orílẹ̀-èdè wa pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 wí pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ láti bá wọn ṣe ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dé ibi tí ojú ẹlẹgbẹ́ ń dé. Bí gbogbo ilé-ìwé bá ń gbàdúrà ní òwúrọ̀, tí ẹnì kan sì dúró láìlanu, òfin kò lè dá àwọn tí ń fi í rẹ́rìn-ín lẹ́kun. Ìwọ ni o lè dá wọn lẹ́kun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni o dúró láìlanu, dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má ṣe fi àdúrà ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni pé kí o máa rántí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó rọrùn láti bu ọlá fún ìsìn ọ̀rẹ́ rẹ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá wà ní ìjókòó. Ibi tí a ti ń mọ ènìyàn ni àárín àwọn ará tirẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń bú ìsìn ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni Gandhi ti dúró, níwájú àwọn Híńdù bí tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé àwọn Mùsùlùmí.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ ni ó há, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dìde láti gbàdúrà, èjìká á kan èjìká. Nígbà tí ó bá kan ọ́ láti darí, má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé orúkọ wo ni kí a pè. Wo gbogbo agbo náà yíká, kí o bi ara rẹ bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ń bẹ̀rù. Bí o bá rí i, àyè tirẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí o tó la ẹnu.